Lẹ́tà Tó Ṣáájú Onílẹ́tà Délé

Ní ọ̀sán ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1806, àwọn ọkọ̀ ọpọ́n kan gúnlẹ̀ sí ìlú St. Louis, létí odò Mississippi ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó wà nínú wọn ti kúrò láàárín àwọn èèyàn wọn láti oṣù Karùn-ún ọdún 1804. Awọ ẹran ni aṣọ tó kù sí wọn lọ́rùn. Wọ́n yìnbọn sókè láti fi kí ìlú, àwọn ará ìlú sì tú dà sí etí odò, wọ́n hó yèè lẹ́ẹ̀mẹta. Kápútéènì Meriwether Lewis àti Kápútéènì William Clark ti dé. Ààrẹ Thomas Jefferson ló rán wọn pé kí wọ́n tọ odò Missouri lọ sókè, kí wọ́n la àwọn òkè ńlá kọjá, kí wọ́n sì dé etí òkun tó wà lápá ìwọ̀-oòrùn. Wọ́n ti débẹ̀, wọ́n sì ti padà.

Èèyàn á rò pé oúnjẹ gidi àti ibùsùn ni ẹni tó rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ máa kọ́kọ́ béèrè. Ìfìwéránṣẹ́ ni Lewis béèrè. Wọ́n sọ fún un pé àpò lẹ́tà ti kúrò ní St. Louis. Lójú ẹsẹ̀, ó ránṣẹ́ sí ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Cahokia, lódìkejì odò, pé kó jọ̀ọ́, kó dá àpò náà dúró títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Àpò dúró. Clark kọ ọ́ sínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ pé òun kò fi bẹ́ẹ̀ sùn lóru ọjọ́ náà, pé kùtùkùtù làwọn jí, tí àwọn sì dojú kọ lẹ́tà kíkọ. Ẹ̀yìn tí wọ́n jẹun ọ̀sán tán ni wọ́n tó lọ ra aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n gbé e fún télọ̀. Lẹ́tà ló ṣáájú, aṣọ ló tẹ̀ lé e.

Iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe. Èdè Yorùbá ni mo fi ń ka ìròyìn ní rédíò kan níbí ní Àjàṣẹ́, ìlú tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin, ọmọ Kétu sì ni mí. Lójoojúmọ́ ni ìwé ń wọlé sí wa láti ọ̀fíìsì yìí àti ọ̀fíìsì yẹn, Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́: ọ̀gá kan ti ti ìrìn-àjò dé, àwọn aṣojú kan ti padà láti ìpàdé lókè òkun, àbẹ̀wò náà yọrí sí rere. Èmi ni mo máa sọ ọ́ di Yorùbá kí àwọn tó wà ní Sákétẹ́, Pọ́bẹ̀, Ìfànyìn àti Kétu lè gbọ́ ọ. Púpọ̀ nínú ìwé yẹn, ẹni tó rin ìrìn-àjò náà fúnra rẹ̀, tàbí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ló kọ ọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Lewis àti àpò lẹ́tà fi dúró sí mi lọ́kàn. Kí wọ́n tó bí baba ńlá ẹnikẹ́ni nínú wa tó wà nílé iṣẹ́ rédíò yìí ni ẹni tó ti àjò dé ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìròyìn dídé ara rẹ̀. Mo fẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Lẹ́tà méjì ló ṣe pàtàkì jù nínú èyí tí wọ́n kọ. Ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ Ààrẹ. Èkejì lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n Clark ní Kentucky. Ẹni tó bá ka èkejì yìí á rò pé àbúrò kan ló kàn ń fi àlàáfíà ara rẹ̀ tó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ létí. Lewis ló kọ ọ́. Clark dà á kọ, ó fọwọ́ sí i, ó fi ránṣẹ́. Ìwé tí Lewis fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ yẹn ṣì wà títí di òní. Lewis mọ ìwé kọ ju Clark lọ, Clark náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì tún mọ nǹkan mìíràn: kì í ṣe ẹ̀gbọ́n nìkan ni yóò ka lẹ́tà náà. St. Louis kò ní ìwé ìròyìn kankan nígbà yẹn. Ọdún 1808 ni Missouri Gazette, tí í ṣe àkọ́kọ́ níbẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Kentucky ní onítẹ̀wé, Kentucky ló sì wà lójú ọ̀nà àwọn tó ń gbé lẹ́tà lọ sí ìlà-oòrùn. Ẹni tó bá fẹ́ kí gbogbo Amẹ́ríkà gbọ́ kíákíá, Kentucky ni kó fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí.

Bó sì ṣe rí nìyẹn. Nínú oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, The Palladium, ìwé ìròyìn kan ní ìlú Frankfort ní Kentucky, tẹ lẹ́tà Clark jáde. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti gbéra. Òfin ìfìwéránṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní ọdún 1792 gba àwọn onítẹ̀wé láyè láti máa fi ìwé ìròyìn wọn ránṣẹ́ síra wọn láìsan kọ́bọ̀. Tẹ́lígíráàfù Morse kò tíì sí, ọdún 1844 ni ìyẹn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Olóòtú tó wà ní ìlú kan á jókòó, á ṣí ìwé ìlú kejì, á yan ohun tó wù ú, á tò ó sínú tirẹ̀ lẹ́tà kan lẹ́yìn ìkejì. Ìlú kẹta á dà á kọ láti inú ti ìkejì. Báyìí ni lẹ́tà kan ṣoṣo ṣe di ìròyìn ní ọ̀pọ̀ ìlú. Yàtọ̀ sí lẹ́tà díẹ̀ tí àwọn tó ń gbé St. Louis náà kọ sí àwọn ojúlùmọ̀ wọn, kò sí ohun mìíràn tí olóòtú lè fi wé e. Kò sí akọ̀ròyìn létí odò lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tó bi ìkankan nínú àwọn tó wa ọkọ̀ pé, "Ìwọ ńkọ́, kí ni ojú tìrẹ rí?"

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà nínú lẹ́tà tí Ààrẹ gbà, torí ibẹ̀ ni ọgbọ́n Lewis ti hàn jù. Ó ní máìlì 3,555 ni láti ẹnu odò Missouri dé etí òkun: 2,575 lórí omi Missouri, 340 lórí ilẹ̀, 640 lórí omi ní ìhà kejì. Nínú 340 ti orí ilẹ̀ yẹn, 200 jẹ́ ọ̀nà tó dára, 140 jẹ́ òkè tó ń bani lẹ́rù, 60 nínú 140 náà sì wà lábẹ́ yìnyín tí kì í yọ́ láéláé. Ọ̀nà omi tó máa gbé ọjà la ilẹ̀ náà já ni Jefferson rán wọn lọ wá. Kò sí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wo bí Lewis ṣe gbé e kalẹ̀: ó kọ́kọ́ sọ pé àwọn ti la ilẹ̀ náà já dé òkun, pé àwọn sì ti rí ọ̀nà tó ṣeé gbà jù lọ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé awọ ẹran onírun pọ̀ jọjọ lókè odò, pé a lè fi ẹṣin kó o kọjá lórí òkè, ká tibẹ̀ fi ọkọ̀ òkun gbé e lọ sí Canton ní Ṣáínà. Irọ́ kankan kò sí níbẹ̀. Èrè ló tò síwájú, ìjákulẹ̀ ló tò sẹ́yìn, ó sì ka máìlì rẹ̀ lé e lórí bí ẹni tó ń ka owó.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá ránni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a máa jẹ́ ẹ fún. Lewis bẹ̀rù Jefferson, ó sì bọ̀wọ̀ fún un. Ó sì yẹ ká rántí ipò tí wọ́n wà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án, ó ku díẹ̀ kí wọ́n dé, wọ́n pàdé ọ̀gágun kan lójú odò tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Ọ̀gágun yẹn sọ fún wọn pé àwọn èèyàn Amẹ́ríkà ti ka wọ́n kún òkú, pé wọ́n tiẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé wọn, Ààrẹ nìkan ló ṣì ní ìrètí díẹ̀. Ẹ fojú inú wo bó ṣe máa rí lára ẹni tó gbọ́ ìyẹn. Bí wọ́n bá ka èmi náà kún òkú, tí mo sì wà láàyè, mi ò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn bá mi sọ pé mo wà láàyè. Èmi fúnra mi ni màá sọ ọ́. Ní nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà ni lẹ́tà tẹ Jefferson lọ́wọ́, nínú èsì tó kọ ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá, ó ní ayọ̀ òun kò ṣeé fẹnu sọ.

Irú ìròyìn báyìí kò ṣàjèjì sí wa ní Kétu. Bodè kò jìnnà sí wa, Ìlárá àti Ìmẹ̀kọ wà nítòsí, àwọn ìyá wa sì ń ná ọjà lọ, ná ọjà bọ̀. Nígbà tí Nàìjíríà ti bodè pa ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, tí wọn kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020, àwọn obìnrin tó ti ìhà ibẹ̀ dé ni ìwé ìròyìn ìlú. Kí ọ̀rọ̀ tó dé rédíò, ẹnu wọn la ti ń gbọ́ ọ. Àbúrò ìyá mi kan wà láàárín wọn. Ó máa ń sọ iye tí wọ́n ń ta gaàrí, iye tí epo dé, ta ló ṣègbéyàwó ní Ìmẹ̀kọ, ta ló kú. Bí ọ̀rọ̀ bá wá kan ọ̀nà tó gbà padà wálé, á ní kí n lọ bá òun gbé omi wá. Ọ̀nà yẹn ni oúnjẹ rẹ̀ wà. Mi ò dá a lẹ́bi rí. Gbogbo ohun tó sọ ló jẹ́ òótọ́, mo sì máa ń mọ̀ pé ó ku ohun tí kò sọ. Ojú kan náà ni mo fi ń ka lẹ́tà Lewis.

Ìjà gidi bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1807, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn náà.

Kì í ṣe àwọn kápútéènì nìkan ló kọ nǹkan sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn sájẹ́ńtì náà kọ. Ọ̀kan nínú wọn ni Patrick Gass, káfíńtà tí wọ́n yàn sípò sájẹ́ńtì lẹ́yìn tí Charles Floyd kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 1804. Floyd yẹn nìkan ló kú nínú wọn ní gbogbo ìrìn-àjò náà. Gass gbé ìwé tirẹ̀ fún David McKeehan, òǹtàwé kan ní Pittsburgh, McKeehan sì kéde pé òun máa tẹ̀ ẹ́. Inú bí Lewis. Ní oṣù Kẹta ọdún 1807, ó gbé ọ̀rọ̀ jáde nínú National Intelligencer, ìwé ìròyìn Washington, pé kí aráàlú ṣọ́ra fún àwọn ìwé tí òun kò fọwọ́ sí, pé àwọn tó ń kánjú tẹ ìwé yẹn lè ba ìwé gidi tí òun ń bọ̀ wá gbé jáde jẹ́. Robert Frazer, ọmọ ogun kan tó ti gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò bọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà: Lewis ní ọmọ ogun lásán ni, kò lè sọ ohunkóhun tó jinlẹ̀ nípa ẹranko, ewéko àti òkúta ilẹ̀ náà.

McKeehan kò gbà. Ní oṣù Kẹrin, ó fi lẹ́tà gbangba fèsì nínú Pittsburgh Gazette, èdè tó fi kọ ọ́ sì le. Ó bi kápútéènì léèrè irú àṣẹ tó ní lórí ohun tí ẹlòmíràn fojú ara rẹ̀ rí, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ó rán an létí pé owó ìlú ni wọ́n fi rin ìrìn-àjò náà, àti pé ìlú ti san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un, ó tún fi ilẹ̀ lé e. Ìwé Gass jáde lọ́dún yẹn gan-an. Lewis kú ní ọdún 1809 láìtíì gbé ìwé tirẹ̀ fún onítẹ̀wé. Ọdún 1814 ni ìwé àwọn kápútéènì tó jáde. Ọdún méje ni káfíńtà fi ṣáájú ọ̀gá rẹ̀.

Èmi gbè sẹ́yìn McKeehan nínú ọ̀rọ̀ yìí, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé òǹtàwé ni, pé owó ló ń wá. Ìwé Gass kò jinlẹ̀, àwọn ibì kan sì wà tí McKeehan ti tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe jù. Ṣùgbọ́n nígbà tó jáde, ẹni tó ti ka lẹ́tà Clark nínú ìwé ìròyìn ní ohun kejì tó lè fi wé e. Ẹnu méjì ti wà níbi tí ẹnu kan ti ń sọ̀rọ̀. Nínú iṣẹ́ wa, ẹnu kejì yẹn ni à ń wá kiri láti àárọ̀ títí di alẹ́.

Ẹnì kan wà tí kò rí onítẹ̀wé kankan bá sọ̀rọ̀. York lorúkọ rẹ̀. Ọmọ adúláwọ̀ ni, ẹrú Clark ni, láti kékeré ni wọ́n sì ti jọ wà. Ó bá wọn lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gbé ìbọn, ó dọdẹ, ó wa ọkọ̀, ó tọ́jú Floyd nígbà tó ń kú lọ. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn Arikara ní oṣù Kẹwàá ọdún 1804, àwọn onílẹ̀ yẹn yí i ká, wọ́n ń wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, torí wọn kò rí aláwọ̀ dúdú rí. Nígbà tí wọ́n dé etí òkun, ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 1805, wọ́n bi oníkálùkù léèrè ibi tó yẹ kí wọ́n gbé lákòókò òtútù. Clark kọ ìdáhùn York sílẹ̀ pẹ̀lú ti àwọn yòókù. Lẹ́yìn tí wọ́n padà dé, ìjọba san owó oṣù ìlọ́po méjì fún àwọn ọmọ ogun, ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ilẹ̀ éékà 320. York kò gba nǹkan kan. Ẹrú ló lọ, ẹrú ló bọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn náà, inú lẹ́tà Clark ló wà. Kì í ṣe lẹ́tà tó kọ kí ìwé ìròyìn lè tẹ̀ ẹ́ o, lẹ́tà ilé ni, èyí tó kọ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Jonathan láàárín ọdún 1808 sí 1809. York fẹ́ lọ máa gbé nítòsí ìyàwó rẹ̀ ní agbègbè Louisville. Clark kò fẹ́. Ó kọ̀wé pé York ti di aláìgbọràn, ó sì kọ ọ́ pé òun ti nà án. Ọdún 1988 ni wọ́n tó rí àwọn lẹ́tà yẹn nínú ilé kan ní Louisville. Ní oṣù Kìíní ọdún 2001, Ààrẹ Bill Clinton sọ York di sájẹ́ńtì, oyè tó gbà lẹ́yìn tó ti kú tipẹ́. Ìdílé kan náà ni Clark kọ lẹ́tà méjèèjì sí. Èyí tó mọ̀ pé ìwé ìròyìn máa gbé jáde kún fún máìlì àti òkè. Ọ̀rọ̀ York wà nínú èyí tó rò pé ẹnikẹ́ni kò ní rí. Mo ka ibẹ̀, mo gbé fóònù sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n rà tí wọ́n tà kò jìnnà sí ìlú yìí. Etí ọ̀sà tó wà lẹ́yìn wa yìí ni wọ́n ti ń kó àwọn èèyàn lọ sínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Bahia.

Nígbà tó fi máa di ọdún 1872, ìwé ìròyìn kò dúró de lẹ́tà mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ránni níṣẹ́. James Gordon Bennett kékeré, tó ni New York Herald, fi owó rán akọ̀ròyìn rẹ̀, Henry Morton Stanley, lọ wá David Livingstone, òyìnbó ajíhìnrere tó ń rin ìrìn-àjò ìwádìí ní àárín gbùngbùn Áfíríkà. Stanley bá a ní Ujiji, létí adágún Tanganyika, ní ìparí ọdún 1871. Nígbà tí Herald gbé ìròyìn náà jáde ní oṣù Keje ọdún 1872, òkìkí kàn, àríyànjiyàn náà sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn mìíràn ní irọ́ ni, pé ayédèrú ni àwọn lẹ́tà Livingstone tó gbé wá. Henry Rawlinson, tó jẹ́ ààrẹ Royal Geographical Society ní London, ti sọ tẹ́lẹ̀ pé Stanley kọ́ ló rí Livingstone, pé Livingstone ló rí Stanley. Ìdílé Livingstone ló wá jẹ́rìí sí i pé ọwọ́ bàbá wọn ló kọ àwọn ìwé náà. Ìròyìn ò tó àfojúbà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí ẹni tó fojú bà á ni ẹni tí wọ́n sanwó fún kó wá ròyìn, ẹni tó sanwó ni ẹni tó ń ta ìwé. Mi ò bá àwọn tó kọ́kọ́ ṣiyè méjì wí.

Livingstone kú ní oṣù Karùn-ún ọdún 1873. Àwọn tó bá a rìn, Susi àti Chuma ló ṣáájú wọn, yọ ọkàn rẹ̀, wọ́n sin ín síbi tó kú sí. Jacob Wainwright, tó mọ̀wé, ló ka àdúrà ìsìnkú. Wọ́n fi iyọ̀ sí òkú náà, wọ́n sá a sóòrùn, wọ́n dì í, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ gbé e títí dé Bagamoyo létí òkun, níbi tí wọ́n gúnlẹ̀ sí ní oṣù Kejì ọdún 1874. Nínú wọn, Wainwright nìkan ló bá òkú náà wọ ọkọ̀ dé Southampton. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin, ó wà lára àwọn tó di aṣọ pósí mú ní Westminster Abbey, àwọn ìwé ìròyìn sì ya àwòrán rẹ̀. Susi àti Chuma kò tíì dé nígbà ìsìnkú. Nígbà tí wọ́n dé, Horace Waller, ọ̀rẹ́ Livingstone tó ń ṣètò ìwé rẹ̀ fún títẹ̀, jókòó tì wọ́n, ó ń bi wọ́n léèrè ọjọ́ dé ọjọ́, ibi dé ibi, ohun tí wọ́n sọ fún un sì wọ inú ìwé ìgbẹ̀yìn Livingstone tó tẹ̀ jáde lọ́dún yẹn. Ìbéèrè Waller yẹn, bó tilẹ̀ pẹ́ kó tó dé, ni mo fi ka ìwé náà sí iṣẹ́ akọ̀ròyìn ju gbogbo ariwo Herald lọ.

Ti ìlú wa náà wà níbẹ̀. Nígbà tí Ọ̀gágun Dodds padà sí ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1893, lẹ́yìn tó ti bá Béhanzin, ọba Dàhòmì, jà, ariwo ayọ̀ ni wọ́n fi pàdé rẹ̀ ní Marseille, àwòrán rẹ̀ sì kún ojú ìwé ìròyìn. Ogun ni ìyẹn, mo mọ̀ pé kì í ṣe ìrìn-àjò ìwádìí. Ṣùgbọ́n àwọn tí Ọba Toffa fi sílẹ̀ láti Àjàṣẹ́ wà lára àwọn tó ru ẹrù àwọn ọmọ ogun rẹ̀, mo sì máa ń ronú lórí irú ìròyìn tí àwọn yẹn sọ nígbà tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, tí wọ́n wọlé, tí ìyàwó bu omi fún wọn.

Ọmọ Yorùbá kan wà tó lọ, tó bọ̀, tó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Samuel Àjàyí Crowther ni. Wọ́n mú un lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní ọdún 1822. Ó wà nínú ìrìn-àjò odò Ọya ti ọdún 1841, èyí tí 130 nínú òyìnbó 145 tó lọ ti ní ibà, tí bí ogójì tàbí jù bẹ́ẹ̀ sì kú. Ó tún lọ ní ọdún 1854 pẹ̀lú William Balfour Baikie, nínú ọkọ̀ Pleiad. Òyìnbó 12 àti ọmọ Áfíríkà 54 ló wà nínú rẹ̀, wọ́n lo ọjọ́ 118 lórí odò, ẹnì kan kò kú, torí Baikie ń fún wọn ní quinine, oògùn ibà, mu lójoojúmọ́ kí ibà tó dé. Crowther tẹ ìwé ìrìn-àjò yẹn jáde ní ọdún 1855. Nígbà tí Henry Townsend wá dá Ìwé Ìròhìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní oṣù Kejìlá ọdún 1859, tí ẹ̀dà kan ń lọ ní owó ẹyọ 120, ìròyìn àwọn tó dé àti àwọn tó lọ wà lára ohun tí àwọn òǹkàwé ń rí níbẹ̀, ní èdè tiwa.

Crowther yìí kan náà wọ Kétu ní oṣù Kìíní ọdún 1853. Alákétu Adébíà ló wà lórí ìtẹ́, ó sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Crowther padà sí Abẹ́òkúta, ó kọ ohun tó rí ránṣẹ́ sí àwọn CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ní London tó rán an. Mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́. Òun ni àlejò lọ́jọ́ yẹn. Àwọn onílé wo ó bó ṣe gba ẹnubodè wọlé, wọ́n gbọ́ Yorùbá tó ń sọ, wọ́n wo aṣọ òyìnbó lára rẹ̀, ó sì dájú pé wọ́n sọ ọ́ fún àwọn ọmọ wọn. Ọdún 1886 ni ogun Dàhòmì kó Kétu, wọ́n jó ìlú, wọ́n kó àwọn èèyàn lọ. Ọ̀pọ̀ ìtàn bá ogun lọ, ṣùgbọ́n ìlú padà, àwọn èèyàn padà, Akábá Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, ṣì wà níbẹ̀.

Ètò kan wà tí mò ń múra sílẹ̀ fún láti gbé sórí afẹ́fẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé: bí Kétu ṣe rí àwọn àlejò tó wọlé wá kí ogun tó dé, láti ẹnu àwọn tó wà nílé. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn àgbà ilé wa léèrè, mo sì ti rí méjì tí bàbá wọn sọ nǹkan fún wọn. Tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ bá wà nínú ilé yín, bóyá ti Crowther ni o, bóyá ti àlejò mìíràn, ẹ gba ohùn àgbà tó mọ̀ ọ́n sílẹ̀ sórí fóònù, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Kí ó kọ́kọ́ dárúkọ ara rẹ̀ àti agbolé rẹ̀, lẹ́yìn náà kó dárúkọ ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, àti ẹni tí ìyẹn náà gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, títí dé ibi tí orúkọ bá mọ, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn.